Ìwé Tó Lè Jẹ́rìí Owó Yín: Ìfiwéra fún Ẹni Tó Ń Ṣiṣẹ́ Ara Rẹ̀ Tó Fẹ́ Yáwó Ilé ní Ìbàdàn

Olùkọ́ tó ń gba ₦150,000 lóṣù lè mú péésílíìpù àti lẹ́tà ibi iṣẹ́ lọ bá ayánilówó, kí wọ́n sì tètè gbọ́ tiẹ̀. Obìnrin tó ń ta aṣọ ní Gbági Tuntun, tí èrè rẹ̀ lóṣù tó ìlọ́po méjì owó olùkọ́ yẹn, lè jókòó síwájú òṣìṣẹ́ kan náà kó sì dìde lọ́wọ́ òfo. Owó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lóòótọ́. Ìwé tó máa bá a sọ ọ́ ni kò sí, tàbí kó jẹ́ pé ìwé wà, ṣùgbọ́n ọ̀kan ń sọ tìhín, èkejì ń sọ tọ̀hún.

Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa bá àwọn oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́ to ìwé owó wọn nílùú Ìbàdàn, láti Àràròmí nídìí Géètì títí dé ìsọ̀ pákó Bódìjà. Ohun tí wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Báńkì wo ló rọrùn jù?" Lójú tèmi, ìbéèrè yẹn ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹ kọ́kọ́ wo ìwé tó wà lọ́wọ́ yín báyìí, àti èyí tó lè tẹ̀ yín lọ́wọ́ láàárín ọdún kan sí i. Ìwé yẹn ló máa sọ ilẹ̀kùn tó lè ṣí fún yín. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa kọ́kọ́ gbé ìwé sí ẹ̀gbẹ́ ìwé, kí n tó wá gbé ayánilówó sí ẹ̀gbẹ́ ayánilówó.

Iye tó wọlé, iye tó ṣẹ́ kù

Ohun tó ṣẹ́ kù ni ayánilówó ń wò: lẹ́yìn owó ọjà, owó ìsọ̀, owó mọ́tò, epo jẹnẹrétọ̀ àti owó ọmọ iṣẹ́, eélòó ló kù? Ṣé iye yẹn á sì máa wá lóṣooṣù títí gbèsè yóò fi tán? Ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ wọn ń lò ni ìdá kan nínú mẹ́ta. Owó tẹ́ ẹ máa san padà lóṣù kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta èrè oṣù yín lọ.

Ká ní ìyá kan ń ta ìrẹsì ní Bódìjà. ₦6,000,000 ń gba inú àkáǹtì rẹ̀ kọjá lóṣù, ṣùgbọ́n èrè orí àpò kọ̀ọ̀kan kéré, tó fi jẹ́ pé ₦300,000 péré ló ń ṣẹ́ kù. Ká tún ní télọ̀ kan wà ní Mọ́kọ́lá tí ₦500,000 ń wọlé fún, tó ń ná ₦150,000 lórí òwú, síìpù, iná àti ọmọ iṣẹ́. ₦350,000 ló kù sí télọ̀ lọ́wọ́, òun ló sì lè yá owó tó pọ̀ jù. Bí ìyá oníresì bá wọlé tó ní mílíọ̀nù 6 lòun ń pa lóṣù, òṣìṣẹ́ ayánilówó á gé e lulẹ̀ síbi tó bá wù ú, torí kò mọ èrè tó wà lórí ìrẹsì. Ó sàn kí ìyá fúnra rẹ̀ mú ìṣirò wá: iye tó ra àpò, iye tó gbé e délé, iye tó tà á. Ẹni tó mọ èrè rẹ̀ dé orí kọ́bọ̀ máa ń yí ojú tí wọ́n fi ń wò ó padà.

Státímẹ́ǹtì báńkì

Òun ni gbogbo ayánilówó máa kọ́kọ́ bèèrè. Àwọn kan á ní oṣù 6, ọ̀pọ̀ á ní oṣù 12 fún ẹni tí kò gba owó oṣù. Agbára rẹ̀ ni pé ẹlòmíì ló kọ ọ́, ẹ̀yin kọ́. Kò sì fi bẹ́ẹ̀ ná yín lówó.

Àbùkù rẹ̀ ni pé gbogbo owó ló ń gbé jọ. Owó àjọ tẹ́ ẹ gbà lọ́wọ́ èèyàn 20, owó ilé ìwé ọmọ àbúrò tó gba ọwọ́ yín kọjá, owó tí oníbàárà fi ránṣẹ́ pé kí ẹ bá òun fún ẹlòmíì, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú owó iṣẹ́. Òṣìṣẹ́ tó ń kà á kò mọ ìyàtọ̀. Ó máa yọ ohun tí kò yé e kúrò, ó sì lè yọ owó iṣẹ́ mọ́ ọn.

Níbi tí Ìbàdàn ti le jù lọ ni owó ọwọ́. Èèyàn á ta ọjà láàárọ̀, á kó owó náà bọ àpò, á sì fi ra ọjà míì kó tó di ìrọ̀lẹ́. Owó yẹn kò dé báńkì rí, kò sì sí lójú ayánilówó. Ìyókù tún ti tú ká: díẹ̀ wọ OPay, díẹ̀ wọ Moniepoint ti POS, díẹ̀ wọ báńkì àtijọ́. Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe ìṣòro bí ẹ bá mú státímẹ́ǹtì gbogbo wọn wá, torí BVN kan náà ló so wọ́n pọ̀. Ìṣòro ni kí ẹ mú ọ̀kan wá kí ẹ fi ìyókù pamọ́. Wọ́n máa rí i, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ro ohun tí ẹ kò rò.

Ohun tí mo máa ń ní kí àwọn èèyàn ṣe rèé, mo sì gbà pé òun ló wúlò jù nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ. Ẹ yan àkáǹtì kan ṣoṣo fún iṣẹ́. Kí owó ọwọ́ tẹ́ ẹ pa kọ́kọ́ wọ ibẹ̀, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ọ̀la lẹ máa yọ ọ́ ra ọjà. Lẹ́yìn náà, ẹ máa san owó oṣù fún ara yín: ọjọ́ kan náà lóṣù, iye kan náà, láti àkáǹtì iṣẹ́ sí àkáǹtì ti ara yín, kí ẹ sì kọ "owó oṣù" síbi àlàyé tíráńsífà. Lẹ́yìn oṣù 12, ìwé yín á ti sún mọ́ péésílíìpù. Kì í ṣe pé ayánilówó máa gba iye yẹn gbọ́ láìwo ohun míì, ṣùgbọ́n ó máa rí i pé iṣẹ́ náà lè fún yín ní iye yẹn lóṣooṣù láìdá.

Bí ọjà yín bá jẹ́ tàsìkò, ẹ má gbà kí wọ́n fi oṣù 6 díwọ̀n yín. Ẹni tó ń ta aṣọ ìlé ìwé tàbí tó ń ta àgbò Iléyá kò lè rí ara rẹ̀ nínú ìdajì ọdún. Ẹ mú oṣù 12 lọ kódà bí wọn ò bá bèèrè rẹ̀.

Àwọn kan máa ń yá owó lọ́wọ́ ọ̀rẹ́, wọ́n á máa yí i wọ àkáǹtì, wọ́n á yí i jáde, kí àkáǹtì lè dà bí ẹni tó ń gbèrú. Ó hàn gbangba lójú ẹni tó ń ka státímẹ́ǹtì lójoojúmọ́: owó ńlá wọlé láàárọ̀, ó jáde lọ́sàn-án, orúkọ kan náà. Àwọn míì ń ra péésílíìpù ayédèrú láti ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ tó ní kọ́ńpìnnì. Òṣìṣẹ́ á kàn wo bóyá owó oṣù ń wọ báńkì lóòótọ́, bóyá wọ́n ń dá owó ìfẹ̀yìntì fún yín, ọ̀rọ̀ á sì tú síta. Irọ́ lórí ìwé ẹ̀yáwó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é.

Ìwé owó orí

Bí státímẹ́ǹtì bá jẹ́ ẹ̀rí báńkì, ìwé owó orí ni ẹ̀rí tí ẹ̀yin fúnra yín jẹ́ níwájú ìjọba. Èyí tí wọ́n ń bèèrè ni TCC, ìwé ẹ̀rí pé ẹ ti san owó orí, tó ń gbé owó tó wọlé fún yín àti owó orí tẹ́ ẹ san lọ́dún 3 tó ṣáájú jáde. Fún ẹni tó ń gbé Ìbàdàn tó ń ṣiṣẹ́ ara rẹ̀, iléeṣẹ́ owó orí Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló ń fúnni. Ọjọ́ 31 oṣù March lọ́dọọdún ni òpin ọjọ́ tó yẹ kí ẹ ti kọ èrè ọdún tó kọjá sílẹ̀ fún wọn.

Owó tíkẹ́ẹ̀tì ọjà tí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ń gbà, owó ìsọ̀, owó ẹgbẹ́, wọn kì í ṣe owó orí. Mo ti rí ẹni tó kó rìsíìtì tíkẹ́ẹ̀tì ọdún márùn-ún wá nínú ọ̀rá, tó gbà pé òun ti san owó orí. Rìsíìtì yẹn lè fi hàn pé ẹ ti pẹ́ lọ́jà, kò lè ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Níbí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ bá mi ka ìṣirò, nítorí owó orí ló ń dẹ́rù ba àwọn èèyàn, ìbẹ̀rù yẹn ló sì ń gba ilé lọ́wọ́ wọn. Láti January 2026 ni òfin owó orí tuntun ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nínú owó tí òfin ní ká san owó orí lé lórí, ₦800,000 àkọ́kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ ni. ₦2,200,000 tó tẹ̀ lé e jẹ́ 15%, ₦9,000,000 tó tún tẹ̀ lé ìyẹn jẹ́ 18%.

Ká ní èrè yín gan-an jẹ́ ₦3,600,000 lọ́dún, ìyẹn ₦300,000 lóṣù. Kí a tó yọ ohunkóhun tí òfin gbà kí a yọ, owó orí rẹ̀ jẹ́ ₦438,000. Ká wá ní iye yẹn dẹ́rù bà yín, ẹ sì lọ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ₦1,200,000 ni èrè yín lọ́dún. Owó orí yín á jẹ́ ₦60,000, ẹ sì ti fi ₦378,000 pamọ́. Nígbà tẹ́ ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ayánilówó, ìwé yín ń pariwo pé ₦100,000 lẹ ń rí lóṣù. Ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ jẹ́ ₦33,333. Lórí èlé 6% fún ọdún 20, iye yẹn lè gbé ẹ̀yáwó bíi ₦4,650,000. Ẹni tó kọ òótọ́ sílẹ̀ lè gbé bíi ₦13,950,000. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì ju mílíọ̀nù 9 lọ.

Owó orí náà tún máa ń dín kù. Ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé tẹ́ ẹ ń san fún lánlọ́ọ̀dù lọ́dún, òfin ní kí wọ́n yọ ọ́ kí wọ́n tó ṣírò, ṣùgbọ́n iye tí wọ́n máa yọ kò lè ju ₦500,000 lọ. Owó tẹ́ ẹ ń dá sí NHF, ìyẹn àpò owó ilé ti ìjọba àpapọ̀, wọ́n máa yọ ọ́. Bí ẹ bá ti wá gba ẹ̀yáwó tán, èlé orí ẹ̀yáwó ilé tí ẹ̀yin fúnra yín ń gbé náà wà lára ohun tí wọ́n ń yọ.

Àbùkù ìwé owó orí ni pé kò ṣeé kánjú ṣe. Èèyàn lè lọ san ti ọdún 3 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n ọjọ́ orí rìsíìtì á fi hàn pé oṣù kan náà ni gbogbo rẹ̀ wáyé, ayánilówó á sì mọ̀ pé nítorí òun lẹ ṣe sáré. Bí mo bá gbé méjèèjì sí orí òṣùwọ̀n, státímẹ́ǹtì ló rọrùn láti tún ṣe, ìwé owó orí ló ń gba àsìkò jù. Ẹ bẹ̀rẹ̀ méjèèjì lọ́dún kan náà. Bí wọ́n bá takora, ọ̀pọ̀ ayánilówó á mú èyí tó kéré jù nínú wọn.

Ìwé ìṣirò owó, CAC, àti àwọn ìwé yòókù

Ìwé ìṣirò owó ló ń so èyí tí státímẹ́ǹtì sọ pọ̀ mọ́ èyí tí ìwé owó orí sọ. Ìwé kékeré tẹ́ ẹ ń kọ ọjà sí ní ìsọ̀ wúlò gan-an, ṣùgbọ́n fún ẹ̀yin àti akáńtáǹtì yín ni. Èyí tí ayánilówó fẹ́ ni kí akáńtáǹtì tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ ICAN tàbí ANAN to owó tó wọlé àti èyí tó jáde lọ́dún, kó fọwọ́ sí i, kó sì lu òǹtẹ̀. Bó bá jẹ́ kọ́ńpìnnì tó ní "Limited" lẹ́yìn orúkọ, wọ́n sábà máa ń bèèrè ìṣirò ọdún 3 tí ọ́dítọ̀ ti yẹ̀ wò. CAMA 2020, òfin tó ń darí kọ́ńpìnnì, yọ̀ǹda fún àwọn kọ́ńpìnnì kékeré kan pé kí wọ́n má pe ọ́dítọ̀, àmọ́ ayánilówó ṣì lè ní àfi kó wà.

Ẹ ṣọ́ra fún akáńtáǹtì tó bá bi yín pé, "Eélòó lẹ fẹ́ kí n kọ?" Bí ìṣirò rẹ̀ bá ti yàtọ̀ sí státímẹ́ǹtì, gbogbo ìwé tó wà nínú fáìlì yín ló máa di ohun ìfura.

Ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ iṣẹ́ sílẹ̀, kì í ṣe ẹ̀rí owó. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń jẹ́ kí ẹ ṣí àkáǹtì lórúkọ iṣẹ́, ó sì ń sọ ọjọ́ orí iṣẹ́. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ ní 2015 tẹ́ ẹ forúkọ sílẹ̀ ní 2024, ìwé á ní 2024. Ẹ fi rìsíìtì owó ìsọ̀ ọdún wọ̀nyẹn àti lẹ́tà ẹgbẹ́ yín ti í lẹ́yìn. Ó ń ran ayánilówó lọ́wọ́ láti gbà pé iṣẹ́ náà ti wà tipẹ́.

Fún ẹni tó ń sè oúnjẹ fún iléeṣẹ́, tó ń ya fọ́tò, tó ń ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, tàbí tó ń kó ọjà lọ fún ilé ìwòsàn àti yunifásítì, ìwé àdéhùn iṣẹ́ pọ̀ níye. Lẹ́tà kan láti ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ ńlá pé ẹ̀yin lẹ ń bá àwọn ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì, tí owó rẹ̀ sì ń wọ báńkì lórúkọ iléeṣẹ́ náà, lágbára ju ẹgbẹ̀rún oníbàárà tí wọn ò lórúkọ. Bí iléeṣẹ́ náà bá yọ owó orí kó tó san owó yín, ẹ gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀tọ́ yín ni. Ó máa dín owó orí yín kù, ó sì tún ń jẹ́rìí pé iṣẹ́ náà wáyé. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Káàdì àjọ àti pásíbúùkù àjẹṣẹ́kù

Ẹ̀mí ìṣòwò ìlú yìí wà nínú àwọn méjèèjì, ó sì máa ń dùn mí pé ayánilówó kò ka káàdì alájọ sí. Ẹni tó ti ń dá àjọ ojoojúmọ́ láìpa ọjọ́ kan jẹ fún ọdún mẹ́rin ti fi hàn pé òun lè san gbèsè. Ṣùgbọ́n alájọ kò forúkọ sílẹ̀ níbì kankan, ẹnikẹ́ni sì lè fi bírò kọ káàdì.

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù yàtọ̀. Èyí tó bá ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ ní lẹ́jà, ní ọ́dítọ̀, ní ìpàdé ọdọọdún. Ẹ lè ní kí akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ ìtàn owó ìpamọ́ àti ẹ̀yáwó yín síwèé, kí alága fọwọ́ sí i. Nínú báńkì, ó máa ń jẹ́ àtìlẹ́yìn fún státímẹ́ǹtì. Nínú ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀, òun nìkan ni ẹ̀rí tẹ́ ẹ nílò. Púpọ̀ nínú wọn ń yáni ní ìlọ́po méjì owó ìpamọ́, pẹ̀lú onídùúró méjì láàárín ọmọ ẹgbẹ́, láìbèèrè TCC tàbí CAC.

Àwọn ayánilówó rèé, ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́

Mo fi ₦10,000,000 díwọ̀n gbogbo wọn kí ìyàtọ̀ lè hàn. Ìlà kẹta, 25%, jẹ́ àpẹẹrẹ tí mo fi ṣírò, torí báńkì kọ̀ọ̀kan ló ní iye tirẹ̀. Ní September 2025, èlé tí CBN (báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà) fi ń darí ọjà owó wà ní 27%, ẹ lè fi ìyẹn mọ ìdí tí ẹ̀yáwó báńkì lásán fi wọ́n.

| Ẹ̀yáwó | Èlé àti ọdún | Owó tẹ́ ẹ máa san lóṣù | Èrè oṣù tí ìwé yín gbọ́dọ̀ fi hàn |
|---|---|---|---|
| NHF | 6%, ọdún 20 | bíi ₦71,600 | bíi ₦215,000 |
| MREIF (àpò owó ilé míì ti ìjọba àpapọ̀) | 9.75%, ọdún 20 | bíi ₦94,900 | bíi ₦285,000 |
| Báńkì lásán | 25%, ọdún 10 | bíi ₦227,500 | bíi ₦682,500 |

Ẹ wo òpin ìlà kọ̀ọ̀kan dáadáa. Ilé kan náà, owó kan náà, síbẹ̀ èrè tí wọ́n ń bèèrè lọ́wọ́ yín ju ìlọ́po mẹ́ta ara wọn lọ láti òkè dé ìsàlẹ̀.

NHF ni mo máa ń kọ́kọ́ tọ́ka sí fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ara rẹ̀. Òfin ọdún 1992 ló dá a sílẹ̀, FMBN, báńkì ẹ̀yáwó ilé ti ìjọba àpapọ̀, ló ń bójú tó o, ọ̀pọ̀ èèyàn sì gbà pé ti òṣìṣẹ́ ìjọba nìkan ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ ní Àràròmí lè forúkọ sílẹ̀, kó máa dá 2.5% èrè oṣù rẹ̀. Fún ẹni tó ń jèrè ₦300,000, ìyẹn jẹ́ ₦7,500 lóṣù. Lẹ́yìn oṣù 6, ẹ ti lè bèèrè ẹ̀yáwó. Báńkì tó ń yáni lówó ilé (primary mortgage bank), tí ìjọba fọwọ́ sí, lẹ máa gbà kọjá, òun ló máa yẹ ìwé yín wò kó tó gbé e lọ sí FMBN. Bí ẹ kò bá yáwó rárá, owó tẹ́ ẹ dá ṣì jẹ́ tiyín, wọ́n á dá a padà pẹ̀lú èlé díẹ̀ bí ẹ bá pé ọmọ 60 ọdún.

Ohun kan wà nínú NHF tí kò sí níbòmíì: owó tẹ́ ẹ ń dá fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹ̀rí. Bí ẹ bá ń dá ₦7,500 lóṣooṣù, ẹ ti sọ fún wọn pé ₦300,000 ni èrè yín, lọ́pọ̀ ìgbà kí ẹ tó bèèrè ohunkóhun. Nítorí náà, ẹ má dá ₦2,000 kí ẹ wá bèèrè bí ẹni tó ń dá ₦7,500. Àbùkù rẹ̀ ni pé ó máa ń falẹ̀, ẹni tó fẹ́ san owó ilé lóṣù tó ń bọ̀ kò lè gbẹ́kẹ̀ lé e. Ẹni tó ń fojú díwọ̀n ọdún méjì sí mẹ́ta ló bá mu.

MREIF náà jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀. Kò ní kí ẹ ti máa dá owó tẹ́lẹ̀ bíi NHF, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ ní owó àkọ́san lọ́wọ́, báńkì tó ń gbà á kalẹ̀ sì ń yẹ ìwé wò bó ṣe ń yẹ ti ẹ̀yáwó tirẹ̀ wò. Ẹni tí ìwé rẹ̀ ti tò ló máa gbádùn rẹ̀.

Báńkì lásán máa ń yára ju àwọn yòókù lọ. Bí àkáǹtì iṣẹ́ yín bá ti wà lọ́dọ̀ wọn fún ọdún bíi mélòó kan, wọ́n ti mọ̀ yín. Ṣùgbọ́n ní 25%, ẹ wo iye yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i kí ẹ tó fọwọ́ síwèé. Láti 2020 náà, bí ẹ bá ti fọwọ́ sí ìwé àṣẹ tí wọ́n ń pè ní GSI, báńkì tẹ́ ẹ jẹ ní gbèsè lè lọ yọ owó rẹ̀ nínú àkáǹtì míì tó wà lórúkọ yín níbikíbi.

Àjẹṣẹ́kù kò sí nínú tábìlì nítorí kì í yáni fún ọdún 20. Ọdún kan sí méjì ni púpọ̀ nínú wọn. Ó bá bí a ṣe ń kọ́lé ní Ìbàdàn mu: ẹ̀yáwó kan ra ilẹ̀, òmíràn fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀, òmíràn gbé e dé lẹ́ńtẹ́ẹ̀lì, òmíràn kan òrùlé. Fún oníṣẹ́ ọwọ́ tí gbogbo owó rẹ̀ jẹ́ owó ọwọ́, tí kò sì ní ìwé owó orí ọdún kan, òun ni mo máa ní kó gbá mú lónìí, kó máa to ìwé yòókù lọ lábẹ́ ẹ̀. FMBN náà ní ẹ̀yáwó tó ń fún ẹgbẹ́ àjẹṣẹ́kù tó bá ní ilẹ̀ láti kọ́lé fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Ẹ bi alága yín bóyá wọ́n ti ronú kàn án.

Àwọn oní-ẹ́sítéètì tó ń ta ilé díẹ̀díẹ̀ láìbèèrè ẹ̀rí owó kankan pọ̀ ní àgbègbè Ìbàdàn báyìí. Nítorí pé wọn kò bèèrè ìwé lọ́wọ́ yín, ẹ̀yin ni kí ẹ bèèrè ìwé lọ́wọ́ wọn. Ẹ lọ yẹ C of O wọn, ìwé ẹ̀tọ́ ilẹ̀ tí gómìnà ń fọwọ́ sí, wò ní iléeṣẹ́ ilẹ̀ ní Sẹkiteríàtì, Agodi, kí ẹ tó san owó àkọ́kọ́.

Ohun mẹ́ta tó ń fọ́ ìwé tó dára

Àkọ́kọ́ ni gbèsè áàpù. Ẹ̀yáwó ₦15,000 lórí fóònù tẹ́ ẹ gbàgbé láti san lè wà lórúkọ yín lọ́dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú ìtàn gbèsè: CRC, FirstCentral àti CreditRegistry. Òfin ọdún 2017 fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti gba ìtàn gbèsè yín lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ẹ gbà á oṣù bíi mélòó kan ṣáájú, kí ẹ san ohun tó bá wà níbẹ̀, kí ẹ sì gba lẹ́tà pé ẹ ti san án.

Èkejì ni ìwé ilẹ̀. Mo ti rí fáìlì tí owó inú rẹ̀ tò gbọnrangandan, tó wá kú sórí rìsíìtì mọ̀lẹ́bí àti ìwé sọ́fè lásán. Òfin ilẹ̀ ọdún 1978 ní àfi kí gómìnà fọwọ́ sí i kí ẹ tó lè fi ilẹ̀ tó ní C of O dúró fún gbèsè. Ilé tí kò bá ní ìwé tó ṣeé fi dúró, ayánilówó kò ní fọwọ́ kàn án, èrè oṣù yín ì báà tó mílíọ̀nù kan.

Ẹ̀kẹta ni ọjọ́ orí. Ó ṣòro kí ẹni tó ti lé ní 50 ọdún rí ọdún 20 gbà. Bí NHF bá fún un ní ọdún 10 lórí ₦10,000,000, bíi ₦111,000 ló máa san lóṣù, ìwé rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ fi èrè bíi ₦333,000 hàn.

Bí ọ̀kan nínú tọkọtaya bá ń gba owó oṣù

Ọ̀pọ̀ ilé ní Ìbàdàn ló rí báyìí: ìyàwó jẹ́ nọ́ọ̀sì tàbí olùkọ́, ọkọ ní ìsọ̀, tàbí kó jẹ́ òdìkejì rẹ̀. Ayánilówó máa ń gbà kí àwọn méjèèjì jọ bèèrè, kí wọ́n pa èrè wọn pọ̀. Nígbà náà, péésílíìpù ẹnì kan á gbé ìwọ̀n tó dájú, státímẹ́ǹtì ẹnì kejì á fi kún un. Bí olówó oṣù bá ń gba ₦150,000, tí oníṣòwò sì lè fi ìwé gbe ₦135,000 nínú ₦300,000 tó ń jèrè, wọ́n ti dé ₦285,000 tí MREIF ń fẹ́ lórí ₦10,000,000, kódà lọ́dún àkọ́kọ́ tí ìwé owó orí oníṣòwò kò tíì pé. Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ló máa fọwọ́ sí gbèsè, àwọn méjèèjì ni ayánilówó sì máa wò ìtàn gbèsè wọn. Ẹ jọ gba ìtàn gbèsè yín, ẹ jọ jókòó kà á nílé, kí orúkọ méjèèjì tún wà lórí ìwé ilé bó ṣe wà lórí ìwé gbèsè.